Ìyá Alákàrà Ló Kọ́kọ́ Máa Ń Mọ̀ Bí Mi Ò Bá Jáde

Màmá mi ṣì máa ń bi mí lórí fóònù pé "Ṣé o ti dé láti ibi iṣẹ́?" bẹ́ẹ̀ inú yàrá mi ní Kóńgí, ní Bódìjà Tuntun níbí, ni mo wà látàárọ̀, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fúnra mi n'Íbàdàn, wọn ò sì tíì gbà tán pé èèyàn lè wà nílé kó sì wà níbi iṣẹ́. Mo ti ṣàlàyé títí. Mo ní Màmá, tí ẹ bá ń wo fíìmù Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì tó máa ń kọjá nísàlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn, ẹnì kan ló ń jókòó kọ ọ́, èmi ni mo sì ń kọ àwọn tí wọ́n bá gbé fún mi. Nígbà míì ohùn àwọn àgbàlagbà tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún ìwádìí ni wọ́n máa gbé wá pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà míì ìwé pélébé lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ni màá yí sí Yorùbá. Ọ̀rọ̀ ṣá ni mò ń bá ṣiṣẹ́.

Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ yìí fún mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn la ò tíì fojú kan ara wa rí. Wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ nọ́ḿbà àkáǹtì mi, wọ́n mọ iye tí mò ń gbà lórí ìṣẹ́jú kan nínú fíìmù. Tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀ lọ́la, ohun tí wọ́n máa mọ̀ ò ju pé íímeèlì wọn ò rí èsì lọ. Mi ò fi bú wọn, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti yé mi báyìí pé èèyàn tó ń dá ṣiṣẹ́ nínú yàrá gbọ́dọ̀ ní ibì kan tí wọ́n ti máa ń retí ojú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ á kàn máa gorí ọjọ́ ni. Ibi tèmi nìyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Aago márùn-ún àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo máa ń jí. Ẹ̀rọ ìlọta tí Ìyá Alákàrà fi ń lọ ẹ̀wà nísàlẹ̀ ilé wa ló ń jí mi, ó máa kọ́kọ́ húkọ́ bíi mẹ́ta kó tó gbiná, tó bá ti gbiná báyìí oorun ti parí nìyẹn. Bí iná bá wà, màá ti bọ́ sídìí láptọ́ọ̀pù kí n tó bọ́jú, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Nàìjíríà ẹ mọ̀ pé iná àárọ̀ kì í ṣe ohun téèyàn ń fi ṣeré. Ní oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n sọ owó iná àwọn Band A di náírà 225 lórí kílówáàtì-wákàtí kan, tí wọ́n ní àwọn yẹn á máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, àdúgbò tiwa ò sí lára wọn. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, lítà epo kan ò tó 200 náírà, kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí ó ti ń lọ sí 500. Mo jókòó, mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé tí mo bá ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀ nítorí fíìmù kan, epo á jẹ èrè tán. Mo tà á, mo fowó kún un, mo ra bátìrì kan àti páńẹ́ẹ̀lì sólà kan ṣoṣo. Ó ń gbé láptọ́ọ̀pù, ó ń gbé Wi-Fi, ó ń gbé gílóòbù kan. Kò gbé fáànù. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń jáde lọ́sàn-án.

Láti aago márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́jọ, iṣẹ́ tó nira jù ni mo máa ń ṣe nígbà yẹn torí ojú ṣì mọ́, dátà náà sì máa ń sáré. Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ yìí o. Ìlà méjì péré ló gbọ́dọ̀ wà lójú fíìmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé fíìmù sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní lẹ́tà 42 ni ìlà kan lè gbà, àlàfo àti kọmá wà nínú ẹ̀, ìlà ọ̀hún ò sì gbọdọ̀ pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ kó tó pòórá. Ẹ wá lọ gbé òwe sínú ìyẹn. Ẹ lọ gbé oríkì sínú ìyẹn, níbi tí ìyá arúgbó kan ti ń ki ọmọ ọmọ rẹ̀ láìmí, tí ẹni tó ń wò ó ní Chicago sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára pé ìfẹ́ ni, kì í ṣe ariwo. Ọ̀rọ̀ kékeré gan-an ló máa ń pẹ́ lọ́wọ́ mi jù. Bí àpẹẹrẹ, "ọkọ mi". Ìyá ẹni àádọ́rin ọdún sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó ń gbé omi fún un, tí mo bá kọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀, òyìnbó á rò pé ó fẹ́ ẹ ni. Mo kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà máa fi pe ọmọ dáadáa ní Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ mo mọ ohun tí mo fi sílẹ̀.

Tó bá di aago mẹ́jọ màá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Alákàrà á ti wà nídìí agbada, ìnàró ni wọ́n máa ń wà, wọn kì í jókòó tí epo bá ti gbóná, ẹ̀wà tí wọ́n ti pò mọ́ àlùbọ́sà àti ata rodo wà nínú ike funfun ńlá lápá òsì, wọ́n á fi ṣíbí bù ú, wọ́n á fi àtàǹpàkò tì í sínú epo, yóò rì, yóò tún léfòó. Ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé wọn kì í wo inú agbada. Ojú títì ni wọ́n ń wò, àwọn tó ń kọjá ni wọ́n ń kí, ọwọ́ ti mọ iṣẹ́ tiẹ̀. Àkàrà mẹ́fà àti ẹ̀kọ méjì, oúnjẹ àárọ̀ mi nìyẹn. "Ẹ káàárọ̀ mà." "Káàárọ̀ ọkọ mi, ṣé o sùn dáadáa, ojú ẹ pọ́n o, ó dàbí pé o ò sùn." Ẹ rí i, kò sí kílàyẹ́ńtì kankan tó ti sọ fún mi rí pé ojú mi pọ́n.

Ọdún kan wà tí iléeṣẹ́ kan lókè òkun gba iṣẹ́ fíìmù mẹ́ta lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ó dáa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá sanwó, oṣù mẹ́rin kọjá, mi ò rí kọ́bọ̀. Íímeèlì tí mo kọ ò lóǹkà. Owó ilé sì ti kù díẹ̀ kó pé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra àkàrà 200 náírà dípò 500, mo sì dín ẹ̀kọ kù sí ẹyọ kan. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Alákàrà ti ṣàkíyèsí. Wọn ò bi mí. Wọ́n ka àkàrà 200 náírà tí mo fẹ́ sínú bébà, wọ́n wá ń ka àwọn míì lé e, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, títí èènì fi pọ̀ ju ohun tí mo rà lọ. Mo ní "Mà, ó ti pọ̀ jù." Wọ́n ní "Èènì ni." Wọ́n tún dojú kọ títì. Báyìí la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọn ò sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan títí dòní. Nígbà tí owó yẹn wá wọlé (ó wọlé, mo dúpẹ́), mo lọ ra ẹ̀wà kóńgò mẹ́wàá lọ́jà, mo gbé e wá fún wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi lójú títì títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ọjà Bódìjà náà ti ń bọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí oòrùn bá ti mú, tí yàrá ò ṣeé jókòó sí mọ́, mo máa ń rìn débẹ̀, nígbà míì tí mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ rà. Ẹ̀gbẹ́ kan ni èlùbọ́ àti ẹ̀wà nínú àpò, ẹ̀gbẹ́ kan ni apẹ̀rẹ̀ tòmátì àti ata tí wọ́n kó wá láti òkè ọya, ẹ wọ inú díẹ̀ sí i, òórùn pákó tútù ni yóò kí yín, àwọn tó ń ta pákó ló ni ibẹ̀. Etí ni mo máa ń gbé lọ síbẹ̀. Àwọn alábàárù tó ń kígbe "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò o!" tí ẹrù ti bo ojú wọn, obìnrin tó ń ná ata tó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ojú àánú wò mí", ẹni tó dáhùn pé "Ojú àánú náà ni mo fi wò ẹ́ tí mo fi pe iye yẹn." Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń sọ Yorùbá láìronú, ibẹ̀ ni mo ti ń tún un kọ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni mo ti jáde ní UI, ìyẹn Yunifásítì Ìbàdàn, mo lè ya àwòrán gbólóhùn sílẹ̀ fún yín, àmọ́ ìgbà tí ènìyàn máa ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó sọ iye tó fẹ́ san, ọjà ló kọ́ mi.

UI yẹn náà ni mo máa ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Takisí Máíkírà kan láti Bódìjà, ó ti débẹ̀. Láti 1948 ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ti wà, Maxwell Fry àti Jane Drew ni wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀, tọkọtaya òyìnbó ni wọ́n, ó sì hàn pé wọ́n ronú nípa ooru wa kí wọ́n tó kọ́lé. Ẹ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike láti ìta, ara rẹ̀ kún fún ihò bí àwọ̀n, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí pé ẹnikẹ́ni tan nǹkan kan. Ìjókòó kan wà lábẹ́ igi tí mo fẹ́ràn, òjìji tibẹ̀ kì í tètè kúrò, mo máa ń ka iṣẹ́ tí mo ti ṣe tán síta níbẹ̀, pẹ̀lú ẹnu, torí ohun tí ojú gbà ni ahọ́n máa ń kọ̀.

Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Tí owó bá wà, Àmàlà Skye. Orúkọ báǹkì tó wà nítòsí ni wọ́n fi ń júwe ibẹ̀ títí tó fi di orúkọ rẹ̀, báǹkì ọ̀hún ti yí orúkọ padà láti 2018, àmàlà ṣì ń jẹ́ Skye. Ẹ ò lè jókòó síbẹ̀ kẹ́ ẹ máa ronú o, kíá ni, wọ́n á bu gbẹ̀gìrì, wọ́n á bu ewédú lé e, wọ́n á bu ọbẹ̀ ata sí àárín, "ẹran mélòó?" ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kàn yín. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni tábìlì, torí kò sẹ́ni tó ni tábìlì. Ọ̀gá tó gbé jíìpù wá àti ẹni tó ń wa Máíkírà máa fi ìgbọ̀nwọ́ kan ara wọn, ìkan á ní "ẹ bá mi na omi yẹn sà", wọ́n á sì máa jẹun lọ.

Ní Satide, mi ò kì í fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù. Mo máa ń lọ sí Òkè Àrẹ̀, lọ gun ilé ìṣọ́ Bower, tí àwa ń pè ní Láyípo torí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín. 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, tó jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó, àkọ́kọ́ níbí láti 1893. Mi ò lọ nítorí rẹ̀. Nítorí ohun tí wọ́n máa ń sọ ni, pé Ìbàdàn lo mọ̀, o ò mọ Láyípo. Téèyàn bá dé òkè, òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni yóò máa rí títí dé ibi tí ojú mọ, abẹ́ gbogbo ẹ̀ sì ni ẹnì kan ti ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Ó yẹ kí n wá sọ ti alẹ́ yẹn.

16 oṣù kìíní 2024, ọjọ́ Tuesday ni. Fíìmù kan wà lọ́wọ́ mi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dá mi dúró nínú ẹ̀ láti ọjọ́ méjì, "pẹ̀lẹ́". Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyá kan sọ ọ́ nígbà mẹ́ta. Ọmọ kan fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní "pẹ̀lẹ́". Ọkùnrin kan ń gbé àga kọjá, ó ní "pẹ̀lẹ́". Ó wá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó pàdánù ọmọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní "pẹ̀lẹ́". Gẹ̀ẹ́sì ò ní ọ̀rọ̀ kan tó lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ àti ìkejì rọrùn. Ìkẹta ni mi ò rí, torí "sọ́rì" tí gbogbo èèyàn máa ń kọ síbẹ̀, etí òyìnbó lè gbọ́ ọ bí ẹni tó ṣẹ̀ tó ń tọrọ àforíjì, ìyá yìí ò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Aago méje ààbọ̀ kọjá, mo ki ìfetígbọ́ sétí. Mi ò lè sọ pé mo gbọ́ ọ, ara ni mo fi mọ̀ ọ́n. Tábìlì sún. Omi inú kọ́ọ̀pù mì, gíláàsì fèrèsé kan já bọ́, eruku bọ́ láti ara sílìnì sórí kíbọ́ọ̀dù mi. Mo yọ ìfetígbọ́, mo wá gbọ́ igbe níta, gbogbo èèyàn ń sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹnì kan ń pariwo pé tirafọ́mà ni, ẹlòmíì ní bọ́ǹbù ni. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Mo jókòó sórí àga yẹn, mi ò mọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́. Ìgbà tó yá ni mo gbọ́ ọwọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn, "Ọkọ mi! Ọkọ mi, ṣé o wà níbẹ̀? Mi ò rí ọ níta!" Àjà kejì ni mò ń gbé. Orúnkún ń dun Ìyá Alákàrà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, wọn kì í gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ti wo gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Mo ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú mi, wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ní "Pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ ọkọ mi." Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ó di ọjọ́ kejì kó tó yé wa pé Bódìjà àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, lápá Adéyí, gómìnà ní ìwádìí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi hàn pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Èèyàn kú. Ilé wó, àwọn tó fara pa pọ̀, gbogbo Ìbàdàn ló gbọ́ ìró rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ẹnì kan bá ti ilẹ̀kùn mọ́tò gbà, gbogbo òpópónà wa máa ń fò. Mo kọ̀wé sí kílàyẹ́ńtì mi pé fíìmù á pẹ́, ó fún mi ní ọjọ́ méjì sí i, ó ní kí n tọ́jú ara mi, mo mọyì ìyẹn gan-an.

Nígbà tí mo padà sídìí fíìmù náà, mi ò ní iyè méjì mọ́ lórí ìkẹta yẹn. Mo kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tó túmọ̀ sí "èmi rèé lọ́dọ̀ rẹ". Ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò kọ̀wé padà pé kì í ṣe ohun tí ìwé atúmọ̀ sọ nìyẹn. Mo dá a lóhùn ní ìpínrọ̀ mẹ́ta, mo ṣàlàyé ẹni tó ń sọ ọ́ àti ibi tó jókòó sí. Ó gbà á. Ó wà níbẹ̀ dòní, lẹ́tà 42 ò sì kún.

Alẹ́ ni mo máa ń bá àwọn Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé, aago mẹ́jọ alẹ́ tiwa, aago méjì ọ̀sán ní Chicago, tó bá di ìgbà òtútù wọn, wọ́n á yí aago wọn padà, á di aago kan, tiwa ò ní kúrò níbi tó wà. Tí ìpàdé bá parí, màá ṣí fèrèsé torí ooru. Nísàlẹ̀, Ìyá Alákàrà á ti máa da omi sórí ẹ̀wà ọ̀la, mo máa ń gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń dún nínú ike, wọ́n á rí gílóòbù mi, wọ́n á gbójú sókè.

"Ọkọ mi, o ò tíì sùn?"

"Ó ku ìlà díẹ̀, mà."

"Má pẹ́ jù o."